Aṣọ òjò ń jò! Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó náwó lé e

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òjò ò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji bá rí leji ń pa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti náwó lé aṣọ òjò ò retí pé kí eji tún pa òun. Ohun tójú àbúrò mi ọkùnrin rí gan-an nìyẹn nínú oṣù kẹfà ọdún kan n'Ìbàdàn. Ọ̀kadà ló ń gùn, àwọn oníṣòwò kéékèèké ló sì ń bá gbé ẹrù kiri ìgboro. Èmi ni mo ra aṣọ òjò fún un, lọ́wọ́ ẹni tó búra fún mi pé omi kan ò lè gbabẹ̀ wọlé. Láti Mọ́kọ́lá dé Àkóbọ̀ péré, omi ti bá a dénú síńgílẹ́ẹ̀tì. Káàdì ìpè ìgbéyàwó tó kó sáyà, lábẹ́ aṣọ òjò, kó má baà tutù, ló di ẹ̀kọ mọ́ ọn lára. Àpò ara rẹ̀ ló ti san owó káàdì náà fún oníbàárà, ó sì tún fi ọjọ́ mẹ́rin dùbúlẹ̀ àìsàn.

Nígbà tí mo yí inú aṣọ náà síta ni mo tó mọ ibi tọ́rọ̀ wà. Aṣọ fúnra rẹ̀ ò jò. Ojú ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀ ni omi ń gbà wọlé, nítorí pé gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ bá gún ti di ihò nìyẹn, kò sì sí ohun kankan tí wọ́n fi bo ojú rírán náà. Èyí tó dùn mí jù ni ti àyà aṣọ náà. Èmi náà ni mo sanwó fún télọ̀ tó fi ẹ̀rọ kọ orúkọ iṣẹ́ àbúrò mi síbẹ̀, kí àwọn èèyàn lè máa rí i. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ihò abẹ́rẹ́ ni mo fi owó mi dá sí ibi tí afẹ́fẹ́ àti òjò ti ń kọlu oníọ̀kadà jù lọ.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe oníọ̀kadà nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹni tó ń ta ọjà lábẹ́ agbòjò, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ POS sanwó fún aráàlú lẹ́bàá títì, ẹni tó ní ọmọ iṣẹ́ tó ń jíṣẹ́ kiri, àtẹni tó ń kó èrò lọ gun òkè ní Ìdànrè, gbogbo wọn ló ń náwó lórí aṣọ òjò. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń rò ó pé àwọn fẹ́ máa tà á.

Ibi tí aṣọ òjò ti ṣẹ̀

Ọmọ ilẹ̀ Scotland kan tó ń jẹ́ Charles Macintosh ló gbàwé àṣẹ lórí aṣọ tí omi ò lè gbà kọjá lọ́dún 1823. Ó yọ́ rọ́bà, ó fi í sáàárín aṣọ méjì, ó sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Omi ò wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ooru bá mú, aṣọ náà á máa lẹ̀ mọ́ni lára, bí òtútù bá sì dé, á gan bíi pákó. Ó di nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí Thomas Hancock ní England àti Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi imí ọjọ́ àti iná se rọ́bà, kí wàhálà yẹn tó rọlẹ̀.

Àwọn baba wa náà jẹ nínú òwò rọ́bà. Igi ìrẹ́ tó wà nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá ń sun oje tí wọ́n ń fi ṣe rọ́bà, lọ́dún 1895 nìkan, rọ́bà tó wúwo ju mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn lọ ni wọ́n kó gba èbúté Èkó lọ sókè òkun. Wọ́n dá àwọn igi náà lọ́gbẹ́ kọjá agbára wọn, ọ̀pọ̀ kú, òwò náà sì fọ́ láàárín ọdún díẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣòwò mọ ohun tí mò ń wí.

Oríṣi mẹ́ta tó wà lọ́jà

Àkọ́kọ́ lèyí tí gbogbo wa mọ̀, tó dà bí ọ̀rá tó nípọn. PVC ni wọ́n ń pè é. Omi ò gbabẹ̀ wọlé, afẹ́fẹ́ náà ò sì gbabẹ̀ jáde. Bẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ rìn fún ogún ìṣẹ́jú, òógùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ yín tó òjò. Owó rẹ̀ kì í ga, ṣùgbọ́n oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀, bó bá ti ń rí oòrùn lemọ́lemọ́, á gan, á sì máa là níbi tí wọ́n ti ká a.

Èkejì ni aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ohun tí wọ́n ń pè ní PU kun nínú. Kò wúwo, ó ṣeé ká sínú àpò, èèyàn sì lè wọ̀ ọ́ lọ sọ́fíìsì láìdà bí ẹni tó ń lọ gbẹ́ kòtò. Ìkùnsínú rẹ̀ yìí náà ló máa ń pa á. Ooru àti ọ̀rinrin ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bó bá pẹ́, á máa lẹ̀ mọ́wọ́, á máa bó bí awọ ejò.

Ẹ̀kẹta ni olówó gọbọi. Lọ́dún 1969 ni Bob Gore ní Amẹ́ríkà rí i pé bí òun bá já ọ̀rá kan báyìí fà lójijì, yóò gbòòrò, yóò sì ní àìmọye ihò tójú ò lè rí. Àwọn ihò náà kéré sí ẹ̀kán omi, ṣùgbọ́n wọ́n tóbi tó kí ooru òógùn gbabẹ̀ jáde. Òun ni wọ́n ń tà ní Gore-Tex láti ọdún 1976, àwọn iléeṣẹ́ mìíràn sì ti ní tiwọn báyìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́bí ní London tàbí Houston, ẹ̀kẹta yìí ni wọ́n máa sọ pé àwọn fẹ́ rà fún yín. Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ rò ó dáadáa. Ohun tó ń mú kí òógùn jáde nínú irú aṣọ yẹn ni pé ọ̀rinrin inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju tìta lọ. Ní ìlú olótùútù, ìyẹn rọrùn. Ṣùgbọ́n l'Ékòó nínú oṣù kẹfà, tí afẹ́fẹ́ ìta fúnra rẹ̀ kún fún ọ̀rinrin, tó tún gbóná, kò síbi tí òógùn máa sá lọ kíákíá. Ẹ máa sanwó ohun tẹ́ ẹ ò ní lò tán. Aṣọ oríṣi kejì tó ní síìpù lábẹ́ abíyá méjèèjì, tàbí tó ní ihò atẹ́gùn lẹ́yìn tí wọ́n fi aṣọ mìíràn bò, máa ń tuni lára ju olówó ńlá tí kò ní ibi tí atẹ́gùn ń gbà lọ.

Ẹ má gba lébẹ́ẹ̀lì gbọ́ tán

Lára lébẹ́ẹ̀lì àwọn kan, ẹ máa rí 5,000, 10,000 tàbí 20,000. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n na aṣọ náà, wọ́n gbé ọ̀pá omi lé e lórí, wọ́n ń mú omi náà ga sí i títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán wọlé. Mílímítà ni wọ́n fi ń ka gíga omi náà, nítorí náà 10,000 jẹ́ omi tó ga tó mítà mẹ́wàá, ìyẹn nǹkan bí ilé alájà mẹ́ta. Fún ẹni tó kàn fẹ́ rìn láti ibùdókọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, 5,000 tó o. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà, tí afẹ́fẹ́ ń ti òjò lù láyà, tàbí ẹni tó gbé báàgì tí okùn rẹ̀ ń tẹ èjìká, kó wá 10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ nọ́ńbà yẹn ò sọ nǹkan kan nípa ojú rírán, ẹnikẹ́ni ló sì lè rán lébẹ́ẹ̀lì mọ́ aṣọ. Ẹ ra omi inú ọ̀rá kan dání lọ sọ́jà. Ẹ yí inú aṣọ síta, ẹ wò bóyá téèpù tó ń dán wà lórí gbogbo ojú rírán, pàápàá lórí èjìká, lápá àti lábẹ́ ìbòrí. Bó bá jẹ́ PVC, ó sàn kí wọ́n fi iná lẹ ojú rẹ̀ pọ̀ ju kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán an lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọlọ́jà, ẹ ká ibi tó ní ojú rírán bí ife, ẹ da omi sí i, kẹ́ ẹ máa ná an lọ́jà lọ ní tiyín. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi ìka tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi rà á. Bó bá tutù, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́jà, kẹ́ ẹ máa lọ. Ọlọ́jà tí kò bá gbà kẹ́ ẹ dán an wò ti fún yín lésì tiẹ̀ nìyẹn.

Ẹ tún na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó di ọwọ́ ọ̀kadà mú. Bí apá aṣọ bá fà sókè kúrò lọ́rùn ọwọ́, ó ti kéré jù. Ẹ ṣí síìpù wò, kó ní aṣọ tó bò ó mọ́lẹ̀. Ìbòrí gbọ́dọ̀ ní okùn tí wọ́n ń fà, kó sì lè bá orí yí, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ lè rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fún oníọ̀kadà, èyí tó ní ṣòkòtò lọ́tọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó sì ní ìlà tó ń tàn bí iná ọkọ̀ bá kàn án ló dáa. Ẹ má ra èyí tó gbòòrò bí agbádá fún un rárá, etí rẹ̀ lè há sínú táyà tàbí ṣéènì, ẹ̀mí èèyàn sì ju owó aṣọ lọ.

Àwọn tó ń kó èrò lọ sórí òkè, bí Ìdànrè tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ju ẹgbẹ̀ta lọ, tàbí ibi omi tó ń dà wàràwàrà ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, ìṣòro tiwọn yàtọ̀. Ẹni tó ń gun òkè ń gbóná láti inú wá. Èyí tó fúyẹ́, tó ní síìpù abíyá, tó sì ṣeé ká sínú báàgì nígbà tóòrùn bá yọ ló bá a mu. Bí ààrá bá sì bẹ̀rẹ̀, ẹ kó èrò yín kúrò lórí àpáta, aṣọ òjò ò gbani lọ́wọ́ ààrá.

Ti òkìrìkà ńkọ́? Ẹ lè rí ojúlówó aṣọ òjò ní Yábàá lówó pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe òwò ńlá ní láti mọ̀ pé àlòkù aṣọ wà lára ohun tí àwọn aṣọ́bodè fòfin dè pé kò gbọ́dọ̀ wọlé, ẹrù rẹ̀ lè bọ́ sí wọn lọ́wọ́ nígbàkigbà. Ẹni tó sì ń ra ẹyọ kan fún ara rẹ̀, kó yí inú rẹ̀ síta. Bó bá ń bó, tàbí téèpù rẹ̀ ti ń ṣí, ọdún tó lò nínú ilé ìkẹ́rù ti pa á.

Ìṣirò tó ń pa oníṣòwò

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní aṣọ òjò kan jẹ́ ₦8,000, tó sì ń ya láàárín oṣù méjì. Òjò wa ń bẹ̀rẹ̀ láti bí oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, ìyẹn oṣù méje. Mẹ́rin lẹ máa rà, ₦32,000 nìyẹn. Ká ní òmíràn jẹ́ ₦24,000, tó sì lo ọdún méjì, ₦12,000 péré ló jẹ́ lọ́dún kan. Bẹ́ ẹ bá ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta, ₦60,000 ni ìyàtọ̀ rẹ̀ lọ́dún, a ò tíì ka ẹrù oníbàárà tó bàjẹ́ sí i. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ₦24,000 máa ń wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ra ti ẹni tó ń rìn jù lọ ná.

Ẹni tó fẹ́ máa tà á, ẹ má dúró dìgbà tí òjò bá ń rọ̀ kẹ́ ẹ tó kó o. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ ti bá àwọn tó ń tà lósùnwọ̀n sọ̀rọ̀. Ẹ sì rántí pé òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, ẹni tó bá kó ẹrù rẹpẹtẹ ní ìparí oṣù keje lè jókòó tì í di oṣù kẹsàn-án.

Ìtọ́jú rẹ̀ ò le. Ọṣẹ pẹ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má fi bílíìṣì tàbí oje olóòórùn dídùn tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i. Abẹ́ òjìji ni kẹ́ ẹ sá a sí, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ ká a ní tútù. Bí omi ò bá máa yí gbirigbiri lórí rẹ̀ mọ́, tó ń mu sára, kò túmọ̀ sí pé ó ti bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ mọ́, bí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bá sì gbà á, ẹ fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù lọ̀ ọ́ pẹ̀lú aṣọ mìíràn lórí rẹ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù sún mọ́ PVC o, á yọ́.

Ní ti orúkọ iṣẹ́ yín tẹ́ ẹ fẹ́ kí aráàlú rí, ẹ má ṣe é bí mo ṣe ṣe é. Àwọn tó ń tẹ nǹkan sára aṣọ lè fi ọ̀dà tẹ̀ ẹ́ láìgún ihò kan. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn aṣọ òjò tí àbúrò mi ń wọ̀ báyìí nìyẹn, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀ gàdàgbà. Káàdì ìpè àwọn èèyàn ò sì tún rin mọ́ ọn láyà mọ́.