Ọkọ̀ Kékeré Lójú Odò Chobe: Bí Wọ́n Ṣe Ń Lọ Wo Erin àti Erinmi

Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo-rí-nǹkan-fìrí, bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa nílé ìwé yìí ló ti rí erin rí? Inú ìwé Baólójì àti orí tẹlifíṣọ̀n la ti mọ̀ ọ́n. Odò kan wà ní orílẹ̀-èdè Botswana, lápá gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n ń pè ní Chobe. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀ láàárọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè ka erin títí yóò fi rẹ̀ ẹ́ kí oòrùn tó wọ̀.

Ohun tó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí ni àríyànjiyàn tó ṣẹlẹ̀ ní SS2 lórí fídíò kan tí erinmi ti ń lé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, tí omi ń fò sókè gbùà-gbùà. Àwọn kan ní awakọ̀ yẹn láyà. Àwọn kan ní erinmi ọ̀hún ya wèrè ni. Ẹgbẹ́ Oníròyìn ní ká lọ wádìí bí irú ìrìn-àjò yìí ṣe ń lọ gan-an. Ohun tí a rí ni pé erinmi kò ya wèrè rárá. Èèyàn ló máa ń dínà mọ́ ọn.

Ìlú Kasane ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀, ní igun àríwá Botswana. Bí odò Ọya àti Bẹ́núé ṣe pàdé ní Lọ́kọ́ja, bẹ́ẹ̀ náà ni Chobe ṣe lọ pàdé odò Zambezi ní Kazungula, tí kò jìnnà sí Kasane. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra níbẹ̀: Botswana, Namibia, Zambia àti Zimbabwe. (Ọdún 2021 ni wọ́n ṣí afárá tó so Botswana mọ́ Zambia níbẹ̀. Kó tó dìgbà náà, orí ọkọ̀ ojú omi pẹrẹsẹ ni tírélà ń gùn kọjá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn Jọ́gíráfì, ẹ lọ wo máàpù, ó dùn ún wò.)

Etí odò náà lápá Botswana ni igbó ńlá tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ẹranko wà, tí wọ́n ń pè ní Chobe National Park. Botswana ló ní erin jù lọ láyé, nǹkan bí 130,000. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbé etí odò o. Àmọ́ láti nǹkan bí oṣù karùn-ún títí wọ oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀gbẹlẹ̀ ni lọ́dọ̀ wọn, torí pé ìsàlẹ̀ ìlà agbedeméjì ayé ni wọ́n wà. Omi inú igbó á gbẹ, koríko á gbẹ, odò nìkan ló kù. Erin kan ṣoṣo lè mu omi tó ju ọgọ́rùn-ún lítà lọ lóòjọ́. Ẹ ro ti kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, ti lítà 25, kí ẹnì kan gbé e mu tán! Kò síbi tí wọ́n lè lọ ju odò lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ọkọ̀ ojú omi lọ wò wọ́n: ẹranko ló ń wá bá omi, ẹ̀yin sì ti wà lórí omi kí wọ́n tó dé.

Ọkọ̀ oríṣi méjì ló máa ń lọ. Ọ̀kan jẹ́ ọkọ̀ ńlá alájà méjì tó ń kó èrò rẹpẹtẹ. Èkejì jẹ́ ọkọ̀ kékeré onírin fúyẹ́, abẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, èèyàn bíi mẹ́jọ sí méjìlá ló ń kó, pẹ̀lú afinimọ̀nà kan tó jẹ́ pé òun náà ló ń tu ọkọ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni, ti kékeré ni màá wọ̀. Nínú ọkọ̀ ńlá, bí ọ̀nì bá yọ lápá ọ̀tún, gbogbo èrò á ya lọ sápá ọ̀tún, ẹni tó wà lẹ́yìn kò ní rí ju ìpàkọ́ èèyàn lọ. Ọkọ̀ kékeré lè wọ ibi tí omi kò ti jìn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í pariwo púpọ̀, bẹ́ ẹ bá sì bi afinimọ̀nà ní ìbéèrè, á gbọ́, á dáhùn.

Wàhálà tirẹ̀ ni pé kò gba kí gbogbo yín dìde sápá kan lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ àti Bàdágìrì tó wà láàárín wa kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún wọn. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, wíwọ̀ ni, kí wọ́n sì so okùn rẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ìdí jókòó lé, bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe níbí.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí erinmi, torí òun ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Orúkọ tí àwọn baba wa sọ ọ́, erin omi, bá a mu, ṣùgbọ́n òun àti erin kì í ṣe ẹbí. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní àbùùbùtán inú òkun ló bá a tan jù nínú àwọn ẹranko tó wà láyé lónìí. Akọ tó ti dàgbà lè wọn tọ́ọ̀nù kan àbọ̀, àwọn mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ṣe ń gbé inú omi tó yìí, kì í lúwẹ̀ẹ́ bí a ṣe rò. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn nísàlẹ̀ odò, ó sì lè sé èémí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ojú rẹ̀, etí rẹ̀ àti ihò imú rẹ̀, òkè orí pátá ni gbogbo wọn wà, kó lè máa ṣọ́ yín nígbà tí ara tó kù wà lábẹ́ omi. Awọ rẹ̀ kò gba oòrùn. Ohun kan tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ máa ń sun jáde lára rẹ̀ láti dáàbò bò ó, síbẹ̀ inú omi ló ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú ló máa gòkè lọ jẹ koríko.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Omi jíjìn ni ilé ààbò erinmi. Bó bá wà létí odò, tí ẹ̀rù bà á, omi jíjìn ló máa sá lọ. Bí ọkọ̀ yín bá wà lójú ọ̀nà tó fẹ́ gbà, kò ní yà fún yín. Abẹ́ ọkọ̀ ló máa gbà, bí ọkọ̀ bá sì dojú dé, ìyẹn kò kàn án. Akọ tó ní agbègbè tirẹ̀ àti abo tó lọ́mọ lẹ́yìn tún burú ju èyí lọ, wọ́n lè lé yín láìjẹ́ pé ẹ dínà. Tó bá yanu gbàù, ẹ má rò pé oorun ló ń kùn ún. Eyín ló ń fi hàn yín, èyí tó gùn jù nínú rẹ̀ sì lè tó 50 sẹ̀ǹtímítà. Ìkìlọ̀ nìyẹn o, kò dúró kẹ́ ẹ ya fọ́tò.

Nítorí náà, afinimọ̀nà tó mọṣẹ́ kì í wọ àárín agbo erinmi àti omi jíjìn láé. Á máa wo ojú omi bóyá ó ń hó lókèèrè, torí hóhó omi lè jẹ́ èémí erinmi tó ń bọ̀. Àwọn kan máa ń gbá ara ọkọ̀ kọ̀-kọ̀-kọ̀ kí èyí tó wà nísàlẹ̀ lè mọ̀ pé àwọn ń bọ̀, kó yọrí, kí wọ́n rí ibi tó wà. Ẹ tún wo fídíò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí erinmi yẹn tó yọ, ibo ni ọkọ̀ wà? Àárín agbo wọn àti ibi tí omi ti dúdú, tó jìn, ni.

Ti ọ̀nì kò le tó bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó bani lẹ́rù tó. Á sùn sórí iyanrìn, á la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tó kú, bẹ́ẹ̀ ooru ara ló ń fi ẹnu tú jáde. Ẹ kàn má ki ọwọ́ bọ omi. Ó tán.

Èyí tó wù mí jù ni bí erin ṣe ń sọdá. Erékùṣù kan wà láàárín odò náà nítòsí Kasane, Sedudu ni Botswana ń pè é, Kasikili ni Namibia ń pè é. Koríko tútù wà níbẹ̀ nígbà tí etí odò ti gbẹ, erin àti ẹfọ̀n sì máa ń lọ jẹun níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí du erékùṣù náà títí tí ẹjọ́ fi dé Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé nílùú Hague. Lọ́dún 1999 ni wọ́n dá a pé ti Botswana ni. Àdéhùn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ṣe lọ́dún 1890 ni wọ́n gbé yẹ̀ wò, láti mọ èyí tó jẹ́ ojú odò gan-an nínú ẹ̀ka méjì tó yí i ká. Erin kò bá wọn lọ sí kóòtù. Wọ́n ń sọdá bó ṣe wù wọ́n.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ìyá àgbà ló ń ṣíwájú. Bí omi bá jìn, wọ́n á lúwẹ̀ẹ́, ara wọn á wọmi tán, ọwọ́ wọn nìkan, ìyẹn imú gígùn yẹn, ló máa yọ sókè tí wọ́n fi ń mí. Àwọn ọmọ á wà láàárín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn. Níbí ni ọkọ̀ ti lè bà nǹkan jẹ́. Bí ọkọ̀ kan bá sáré wá síwájú wọn nítorí fọ́tò, ìyá àgbà lè yí padà láàárín odò, kí gbogbo agbo yí tẹ̀lé e, ọmọ kékeré tó ti rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tó ti wá. Ohun tó yẹ ni kí atukọ̀ pa ẹ́ńjìnnì lókèèrè, kó dúró. Ó lè tó ìdajì wákàtí. Ẹni tí kò bá ní sùúrù, kó lọ wo fíìmù nílé.

Ẹyẹ kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èrò kì í kà sí. African skimmer ni Òyìnbó ń pè é. Ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀ gùn ju tòkè lọ, á máa fò lójú omi pẹ́pẹ́, á fi ìsàlẹ̀ ẹnu náà la omi bí ẹni ń fi ọ̀bẹ gé mọ́ínmọ́ín, bó bá kan ẹja, á pa ẹnu dé wàá. Kì í kọ́ ìtẹ́ sórí igi. Orí iyanrìn tó yọ láàárín odò nígbà tí omi bá fà ló ń yé ẹyin sí. Bí oòrùn bá mú jù, á lọ fi ìyẹ́ ikùn rẹ̀ kan omi, á padà wá fi tu ẹyin lára. Ọkọ̀ tó bá ń sáré kọjá máa ń dá ìgbì sílẹ̀, ìgbì yẹn á gun orí iyanrìn, á gbá ẹyin lọ. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìtẹ́, kò sẹ́ni tó sọ òkò, ẹyin ti lọ. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lè má mọ̀ láéláé. Èmi ò rí ẹjọ́ tó dà bí èyí nínú gbogbo ohun tí a kà.

Afinimọ̀nà mọ gbogbo èyí, ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Kí ló wá ń mú àwọn kan ṣe é? Èrò ọkọ̀ ni. “Ọ̀gá, ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i.” “Ẹ jẹ́ kó yanu lẹ́ẹ̀kan sí i.” “Ẹ ju ẹja sómi kí idì wá gbé e.” Wọ́n ti sanwó ọkọ̀, ó ń retí kí wọ́n fún òun ní nǹkan bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, bó bá kọ̀, ojú lè le. Nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ, ẹnì kan ṣoṣo tó bá sọ pé “Ọ̀gá, ibí yìí ti tó” lè yí ọ̀rọ̀ padà. Nínú ọkọ̀ ńlá, ta ló máa gbọ́ ọ?

Nǹkan kan fún ẹ̀yin ọmọbìnrin tí wọ́n ń sọ fún pé iṣẹ́ igbó kì í ṣe tiyín: nílé ìtura Chobe Game Lodge, tó wà nínú igbó náà, obìnrin ni àwọn afinimọ̀nà. Wọ́n ń wa mọ́tò, wọ́n ń tu ọkọ̀, wọ́n tún ní ọkọ̀ tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́ tí kì í dún rárá.

Ẹni tó bá máa lọ, kó mú fìlà, omi mímu, àti awò tí ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni. Awò yẹn ṣe pàtàkì ju kámẹ́rà lọ, torí òun ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ rí ìpéǹpéjú erin láìjẹ́ pé erin rí tiyín. Ibà wà níbẹ̀, ẹ má gbàgbé oògùn. A kò sì gbọ́dọ̀ rò pé Botswana nìkan lèyí kàn. Erinmi ṣì wà ní Nàìjíríà, ní agbègbè Kainji àti ní Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi. Apẹja tó ń fi àjẹ̀ tukọ̀ nítòsí wọn kò ní ẹ́ńjìnnì tó máa fi sá.

Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti kúrò lójú odò kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n á kó èrò sílẹ̀ ní Kasane, wọ́n á so ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà yẹn ni erinmi máa bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ojú ọ̀nà kan náà tí wọ́n ń tọ̀ lálaalẹ́, títí dé orí koríko iwájú àwọn ilé ìtura.