Ẹ̀rọ Ìgékoríko Kí Ooru Ọdún Tó Wọlé ní Mẹ́kà àti Jẹ́dà

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Edwin Budding ará Stroud ti ṣe ẹ̀rọ ìgékoríko àkọ́kọ́ ní ọdún 1830, òtútù àti yìnyín ni ó ń lé ẹ̀rọ wọ inú yàrá ìkẹ́rù, ìgbà tí òtútù bá sì ká ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ ni wọ́n tó ń gbé e jáde. Ṣùgbọ́n ní Al-Ka'kiyah, àdúgbò ọlọ́jà ẹ̀fọ́ àti èso ní ìlú Mẹ́kà, yìnyín kò sí, koríko kò sì sùn rárá, ó kàn ń tòògbé ni láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kejì, tí òru fi tutù díẹ̀. Bí oṣù Kẹta bá ti dé tí oòrùn ń mú, tí ológbà kò sì dá omi dúró, koríko Bàmúdà a gbérí, a sì bo ẹsẹ̀ ọ̀nà kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Oṣù Kejì, nígbà náà, ni àkókò àtitún ẹ̀rọ ṣe, nítorí àìtètèmólè, olè ń mólóko.

Kí ẹni tí ó bá ń fi kàlẹ́ńdà Hijira ka ọjọ́ ṣọ́ra níhìn-ín, nítorí pé ọjọ́ 354 tàbí 355 ni ọdún òṣùpá, ó sì ń fi bí ọjọ́ 11 ṣáájú ọdún oòrùn, tó fi jẹ́ pé oṣù tí ó bọ́ sí ìgbà tútù lónìí, kò ní pẹ́ púpọ̀ kí ó tó bọ́ sí àárín ooru gangan. Ààwẹ̀ àti Hájì ni kí a máa wo òṣùpá fún. Oòrùn ni koríko ń tẹ̀ lé.

Kí a tó fọwọ́ kan abẹ ẹ̀rọ, ó yẹ kí àlejò mọ òfin ilẹ̀ tí ó dúró lé. Ní ọdún 630, nígbà tí Mẹ́kà bọ́ sọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí, Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run ó máa bá a, kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi tàbí fa koríko tí ó lalẹ̀ hù ní Haram, ilẹ̀ mímọ́ tí ó yí Mẹ́kà ká. Al-Abbas, arákùnrin bàbá rẹ̀, ni ó bẹ̀bẹ̀ pé kí a yọ idhkhir sílẹ̀, koríko olóòórùn dídùn tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń lò tí àwọn onílé sì fi ń bo ilé, a sì gbà fún un. Ọmọ Ọ̀yọ́ tí ó bá mọ ọdún Bẹẹrẹ, nígbà tí a ń ru koríko wá fún Aláàfin, Ikú Bàbá Yèyé, aláṣẹ èkejì òrìṣà, láti fi bo orùlé ààfin, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ìdí tí àgbàlagbà fi ń bẹ̀bẹ̀ nítorí koríko. Ohun tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn kò sí lábẹ́ òfin yìí lójú ọ̀pọ̀ onímọ̀, nítorí náà a lè gé koríko ọgbà. Ṣùgbọ́n èyí tí ó lalẹ̀ hù láàárín àpáta lẹ́yìn ọgbà, kí ẹ̀rọ má kọjá síbẹ̀. Jẹ́dà kò sí nínú Haram ní tirẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ̀rọ. Kí a kọ́kọ́ yọ okùn orí púlọ́ọ̀gì, nítorí pé abẹ tí a fọwọ́ yí lè mú ẹ́ńjìnnì jí lójijì. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tí a fi aṣọ bò mọ́ ògiri láti oṣù Kejìlá: epo bẹntiróòlù tí ó bá pẹ́ ju oṣù kan lọ nínú táńkì ti ń bàjẹ́, pàápàá nínú ooru, èyí tí ó fúyẹ́ nínú rẹ̀ a fẹ́ lọ, ìyókù a sì dí ihò tín-ín-rín inú kabúrétọ̀. Ẹni tí ó ti fi jẹnẹrétọ̀ kékeré tan iná ilé rí ní Ìbàdàn kò nílò àlàyé. Kí a fa ti àtijọ́ dànù, kí a rọ tuntun.

Ṣùgbọ́n eruku ni olórí ọ̀tá ní ìhà yìí. Iyanrìn tí ó bá gba ojú fíítà kọjá yóò máa họ inú sìlíńdà bí ewé eèpín ti ń họ igi, títí agbára ẹ́ńjìnnì yóò fi tán. Fíítà tìmùtìmù, kí a fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí a sá a síbi òjìji, kí a fi òróró ẹ́ńjìnnì díẹ̀ pa á lára. Èyí tí a fi ìwé ṣe, a kì í fọ̀ ọ́, a ń gbọ̀n ọ́n ni, bí a bá sì gbé e kọjú sí oòrùn tí ìmọ́lẹ̀ kò là á kọjá, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Òróró ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú, SAE 30 ni ó bá ooru mu fún ẹ̀rọ kékeré, ó sì yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún tàbí lẹ́yìn wákàtí 50 iṣẹ́.

Iṣẹ́ abẹ ni ó dùn jù lójú mi. Bí a bá fẹ́ dojú ẹ̀rọ dé ẹ̀gbẹ́, ìhà kabúrétọ̀ ni kí ó wà lókè, kí òróró má bàa ṣàn wọ inú fíítà. A ó fi igi há abẹ náà mọ́lẹ̀, a ó fi sípánà tú u, a ó sì fi fáìlì tí àgbẹ̀ fi ń pọ́n àdá pọ́n ọn, lọ síwájú nìkan, ní ìdagẹ̀rẹ̀ tí ó ti ní láti ilé iṣẹ́, kí iye ìfà ìhà méjèèjì ó dọ́gba. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, kí a fi ihò àárín rẹ̀ kọ́ orí ìṣó lára ògiri: bí ìhà kan bá sọ̀ kalẹ̀, ìhà náà ni ó wúwo, kí a tún pọ́n ọn títí yóò fi dúró gbọọrọ. Abẹ tí kò dọ́gba a máa gbọn ẹ̀rọ jìgìjìgì, èyí tí kò mú a sì máa fa koríko ya dípò kí ó gé e, orí rẹ̀ a sì gbẹ pọ́nranhun kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú.

Ní gígé àkọ́kọ́, kí a má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga koríko lọ. Kí a sì fi èyí tí a gé sílẹ̀ lórí ilẹ̀, nítorí òjò tí Mẹ́kà ń rí lọ́dún kò ju nǹkan bí mílímítà 110, nígbà tí ti Ìbàdàn ń kọjá 1,200, koríko gígé náà ni yóò sì fi òjìji bo gbòǹgbò títí a ó fi tún bomi rin ín.