Ìwé Tí Ìgbàgbọ́ Kọ́ Èkó Kà

Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá fi ń sọ iṣẹ́ ẹni tí ń ka owó àti iṣẹ́ ẹni tí ń ka ìwé. Ẹni tí ń ka owó kò gbọdọ̀ fo ẹyọ kan. Bí ó bá fò ó, iye rẹ̀ kò ní í pé. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà Èkó, ìbáà ṣe onígbàgbọ́, ìbáà ṣe mùsùlùmí, fi ń wo ìwé ìsìn wọn. Wọn kì í kà á kí wọ́n lè sọ pé àwọn ti kà á tán. Wọ́n ń kà á ní àkàtúnkà, láti ìgbà èwe títí di ìgbà tí ojú kò ríran mọ́, tí ó wá ku èyí tí ó wà nínú orí nìkan. Ìwé wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ èyí tí wọ́n ní dénúdénú.

Púpọ̀ ènìyàn lónìí gbà pé iṣẹ́ ìjọba ni ó mú ìwé kíkà wọ Èkó, pé nítorí kí ọmọ lè di akọ̀wé, kí ó wọ bàtà, kí ó sì máa gba owó oṣù, ni òbí ṣe ń fi í sí ilé ìwé. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ìsìn ni ìwé kọ́kọ́ gbà wọ ìlú kí ó tó gba ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Àwọn Sàró tí wọ́n tẹ̀dó sí Ọlówógbowó gbé Bíbélì àti ìwé orin wọn bọ̀ láti Freetown. Ọmọ Yorùbá kan tí òun náà gba Freetown kọjá, Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ni ó ṣe aṣíwájú títúmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí èdè wa. Ìwé Róòmù jáde ní ọdún 1850; odindi Bíbélì jáde ní ọdún 1884. Láàárín àkókò méjèèjì, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1875, àwọn aṣojú ìjọ pàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè Yorùbá sílẹ̀.  Gbogbo ẹni tí ó ń fi àmì sí abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ lónìí, títí kan ẹni tí kò ṣe ẹ̀sìn kankan, ni ó ń jẹ nínú ogún iṣẹ́ wọn. Èkó náà ni Bíṣọ́ọ̀bù Crowther kú sí, ní ọjọ́ 31, oṣù kejìlá, ọdún 1891. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́ ní ibùdókọ̀ CMS ní Marina láìrántí pé orúkọ ẹgbẹ́ ajíhìnrere ni wọ́n ń pè, ẹgbẹ́ tí ó la ilé ìtàwé sí tòsí ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí Sàró tó gúnlẹ̀ ni kéú ti wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà a jókòó lórí ẹní, wàláà lórí itan, kálámù ní ọwọ́, tàdáwà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí àáfà bá kọ fún un ni yóò máa ké, tí yóò máa mì síwá sẹ́yìn, títí yóò fi mọ́ ọn lórí. Ìgbà náà ni wọn ó tó fọ wàláà láti kọ òmíràn. Ọjọ́ tí ó bá parí Àlùkùránì, wòlímọ̀ dé, aṣọ tuntun dé, sàráà dé. Ó tilẹ̀ wọ́pọ̀ kí ẹbí dá wòlímọ̀ dúró di àkókò ìgbéyàwó, kí ọjọ́ ayọ̀ méjì lè di ọ̀kan.

Àwọn kan a máa fi ilé kéú ṣe yẹ̀yẹ́ pé ayékòótọ́ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, nítorí ọmọ ń ké ohun tí kò yé e. Ẹ̀gàn yìí kò tọ́. Ọmọ Yorùbá wo ni ó mọ ìtumọ̀ gbogbo oríkì ìdílé rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ? Ohùn ni ó ń kọ́kọ́ wọ inú. Ìtumọ̀ a wá bá a níbẹ̀. Nígbà tí oṣù Ràmàdáánì bá dé, tí àáfà jókòó ti tàfúsírì, àgbàlagbà tí ó ti ń ké orí kan láti ogójì ọdún a ṣàdédé mi orí pé ohun tí òun ti ń wí láti ọjọ́ yìí nìyẹn! Irú ìdùnnú bẹ́ẹ̀ kò sí fún ẹni tí ó ka ìwé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ó sì jù ú sílẹ̀.

Ìgbàgbọ́ yìí kan náà ni kò jẹ́ kí àwọn mùsùlùmí Èkó yára fi ọmọ sí ilé ìwé àwọn míṣọ́nárì. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ọmọ yóò jáde nílé ní Súlè, yóò sì darí dé ní Sámúẹ́lì. Ẹ̀rù náà kì í ṣe aláìnídìí. Ní ọjọ́ 4, oṣù keje, ọdún 1894, wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí Ṣítà-Bey ní àdúgbò Martins pẹ̀lú ayẹyẹ ńlá. Ní ọdún 1896 ìjọba dá ilé ìwé kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mùsùlùmí. Nígbà tí ó sì di ọdún 1923, àwọn ọ̀dọ́ mùsùlùmí dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé ìwé tiwọn. Ẹ̀sìn tí ó dá ọmọ dúró sílé ni ó padà kọ́ ilé ìwé fún un. Ẹni tí ó bá sì rò pé ogiri gíga ni ó wà láàárín ìsìn méjèèjì, kí ó rántí pé àlùfáà ìjọ onígbàgbọ́ kan, M. S. Cole, ni ó túmọ̀ Àlùkùránì sí èdè Yorùbá, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1906.

Apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí àwọn ọ̀mọ̀wé kì í fẹ́ fọwọ́ kàn, bóyá ojú ń tì wọ́n. Ní Èkó, ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ jẹ́ ohun tí a lè mu. Babaláwo a tẹ odù sínú ìyẹ̀ròsùn, a ki Ifá sí i, a sì bù ú sínú ẹ̀kọ tàbí omi fún ẹni tí ó wá. Àáfà a fọ wàláà, omi rẹ̀ a di hàntú. Nígbà tí ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1925, lábẹ́ Moses Orímọládé àti Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, kò ṣe ará ìlú ní kàyéfì pé kí a ka Sáàmù sórí omi kí aláìsàn sì mu ún. Ẹnikẹ́ni lè jiyàn lórí ìwòsàn ibẹ̀. Èyí tí kò ní àríyànjiyàn ni pé ẹni tí ó bá gbà pé ọ̀rọ̀ lè wo òun sàn kò ní í ka ọ̀rọ̀ náà ní ìkàkúkà.

Ẹ jẹ́ kí á wo ti àwọn ìyá. Ní ìjọ púpọ̀, ẹni tí ó ń múra fún ìrìbọmi ní láti kọ́ ABD àti katikísìmù. Obìnrin tí ń ta aṣọ lọ́jà, tí ó ti bímọ márùn-ún, a jókòó láàárín àwọn ọmọdé ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, a máa fi ìka tẹ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fara da ẹ̀rín wọn nítorí ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí àlùfáà ń kà. Èrè tí kò bá lọ sọ́jà wá bá a lẹ́yìn. Ó lè ka lẹ́tà ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Kánò láìbẹ ará ilé, àṣírí rẹ̀ sì bò. Ó lè ka ìwé gbèsè, kò sì sí ẹni tí yóò fi èrú kọ ọ́ sí i lọ́rùn.

Irú àwọn òǹkàwé wọ̀nyí ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó bá nílẹ̀ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá jáde, láti ọdún 1929 wọ 1930. I. B. Thomas, olóòtú rẹ̀, ni ó ń kọ ọ́. Ìtàn obìnrin oníṣekúṣe tí ó ń kábàámọ̀ lórí ibùsùn àìsàn ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bíbélì àti orin ìjọ kún inú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ ìwé ìsìn kò fi lè gbádùn rẹ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé Bunyan tí David Hinderer ti Ìbàdàn túmọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ ṣe la ọ̀nà fún ìrìn àjò eléwu tí ó ní ẹ̀kọ́ nínú. Nígbà tí ilé iṣẹ́ CMS ní Èkó sì tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ jáde ní ọdún 1938, etí àwọn ènìyàn ti mọ irú ohùn bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà, nínú ìjọ àti ní mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n gbà pé ìwé kan ṣoṣo tó, pé irọ́ ni ìtàn àròsọ. Irú wọn kò tíì tán ní Èkó. Wọ́n gbàgbé pé Jésù pàápàá fi ìtàn kọ́ni, àti pé odindi orí kan ni Àlùkùránì fi sọ ìtàn Yúsúfù.

Lónìí, fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìwé alábala. Àwọn àgbà kò kórìíra rẹ̀, nítorí ó ń mú lẹ́tà tóbi fún ojú wọn. Wàhálà náà kò sí lára fóònù. Ó wà níbi pé ọmọ-ọmọ tí ń ka tirẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì kò lè bá màmá àgbà ka ojú ìwé kan náà. Tẹ́lẹ̀, wọn a máa pín ẹsẹ kà lálẹ́, àgbà kan, ọmọ kan. Ẹni tí ó bá ṣì í kà, wọn a tọ́ ọ sọ́nà, wọn a sì tẹ̀ síwájú. Ọmọ ìsinsìnyí kì í ṣe òmùgọ̀. Ó lè ti ka ìwé ju màmá àgbà lọ. Ohun tí kò ní ni ìwé kan tí òun àti ẹlòmíràn jọ mọ̀. Màmá àgbà tí ó ní ọgọ́ta ọdún ìwé kíkà nínú orí kò sì rí ẹni tí yóò gbé e lé lọ́wọ́.

Nínú àwọn ilé àtijọ́ kan ní Ọlówógbowó àti Ìsàlẹ̀ Èkó, ewé iwájú Bíbélì ni a ń kọ ọjọ́ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sí. Àkọtọ́ àtijọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, aiye, enia, nwọn, pẹ̀lú ìkọ̀wé tẹ́ẹ́rẹ́ tí tàdáwà rẹ̀ ti ń ṣá. Àwọn ọmọ ilé mìíràn kò lè ka orúkọ baba ńlá wọn níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ogún bá dé, ará ìta ni wọ́n ń pè wá kà á fún wọn.