Kwara United gba ife, ṣùgbọ́n ta ló ni Kwara United?



Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2025, Kwara United gba ife President Federation Cup ní pápá ìṣeré Mobolaji Johnson ní Onikan, l'Ékòó. Àwọn àti Abakaliki FC ta ọ̀mì 1–1, kí wọ́n tó fi pẹ́náítì borí, 4–3. Ife yìí kì í ṣe ife àná: ọdún 1945 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í díje fún un, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní ife Gómìnà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Kwara United máa gbà á nìyí. Àwa àgbà tí a ṣì ń rántí Kwara Bombers, a ti dúró títí ó ti rẹ̀ wá.

Ní Ganmo níbí, wáyà iná ńlá ń kọjá lókè orí wa, ṣùgbọ́n iná kò sí lọ́jọ́ náà. Orí fóònù ọmọ kan ni gbogbo wa kó jọ sí lábẹ́ igi máńgòrò, bátìrì rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà tí pẹ́náítì parí, ariwo tí àwọn ọmọ pa mú kí ewúrẹ́ aládùúgbò mi já okùn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tó ń gbé ní Kánádà pè mí. "Prof, ẹ kú oríire o. Ìsinsìnyí ló yẹ kí ìjọba tà á, nígbà tí ọjà rẹ̀ gbóná." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ta ló ni ohun tí o ní kí wọ́n tà?" Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ìjọba ni, sà." Mo ní, "Ta wá ni ìjọba?" Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti ń rò láti ìgbà náà, òun ni mo sì fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí owó ṣe ń rìn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pariwo lórí bọ́ọ̀lù wa láì mọ ibi tí owó rẹ̀ ti ń wá. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni Kwara United, bí ìjọba Ọ̀yọ́ ṣe ni Shooting Stars, bí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ogún ẹgbẹ́ tó wà nínú líìgì àgbà wa ṣe jẹ́ ti ìjọba kan tàbí òmíràn. Lóṣooṣù, wọ́n á jókòó l'Ábújá, wọ́n á pín owó tó wọlé láàárín ìjọba àpapọ̀, àwọn ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀: owó epo rọ̀bì, owó orí, owó aṣọ́bodè. Ìpín Kwara á wá sí Ìlọrin. Inú rẹ̀ ni owó olùkọ́ ti ń jáde, inú rẹ̀ ni ti nọ́ọ̀sì, inú rẹ̀ ni ti ọ̀nà, inú rẹ̀ náà ni ti ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Ìyẹn ni pé ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù l'Ílọrin, owó oṣù rẹ̀ so mọ́ iye tí wọ́n ń ta àgbá epo kan lókè òkun. Bí epo bá já wálẹ̀, ta ni wọ́n á kọ́kọ́ ní kó ṣe sùúrù? Kọmíṣánnà ni bí?

Níbi tí bọ́ọ̀lù ti di òwò gidi, owó géètì ń wọlé, tẹlifíṣọ̀n ń sanwó, ilé iṣẹ́ ń sanwó kí orúkọ wọn lè wà láyà jẹ́sì, wọ́n sì ń ta agbábọ́ọ̀lù. Tiwa, ọ̀nà kan ṣoṣo ló tóbi: ọwọ́ ìjọba. Ẹni tó bá sì ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo bọ́ ọ, ọjọ́ tó bá ká ọwọ́ náà kò, ebi ti dé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń mi orí: "A ti wí bẹ́ẹ̀, ìjọba kò lè ṣòwò." Ẹ rọra. IICC Shooting Stars tó gba Cup Winners' Cup ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976, owó ìjọba ló gbé e ró. Tonnerre ti Yaoundé, tí Roger Milla wà nínú wọn, ni wọ́n nà. Ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan kò gba ife ilẹ̀ Áfíríkà rí ṣáájú wọn. Enyimba, tí ìjọba Abia ni, gba Champions League Áfíríkà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, 2003 àti 2004. Kò sí ẹgbẹ́ olówó àdáni kan ní Nàìjíríà tó ṣe irú ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má sọ pé owó ìjọba kò lè gba ife. Ohun tí kò lè ṣe ni kó dúró pẹ́. Bí gómìnà bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ á sanra. Bí èyí tó tẹ̀ lé e bá fẹ́ràn nǹkan mìíràn, ẹgbẹ́ á rù. Kò sí ẹni tí olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù lè lọ bá kó bi í léèrè, nítorí kò sí ìwé kankan tó sọ pé òun náà ni nínú rẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ àwọn olówó.

Àwọn ọmọdé òde òní kò mọ Leventis United. Ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ Leventis ni, Ìbàdàn ló fi ṣe ilé. Wọ́n gba ife FA ní 1984, wọ́n tún gbà á ní 1986, wọ́n gba líìgì ní 1986 kan náà. Nígbà tó fi máa di 1987, wọ́n ti tú ẹgbẹ́ náà ká. Bí ẹni pa ìmọ́lẹ̀. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta, tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ni, gba ife kan náà ní 1985 àti 1987. Òun náà ti di ìtàn. Rashidi Yekini tiwa, tí wọ́n sin sí Ìrá ní 2012, ti gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars ìjọba, ó sì ti gbá fún Abiola Babes olówó, kó tó lọ gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá wọlé nínú ife àgbáyé, ní 1994. Ẹgbẹ́ ìjọba ṣì wà. Ti olówó kò sí mọ́.

Stationery Stores l'Ékòó ló dùn mí jù. Israel Adébájọ̀ tó dá a sílẹ̀ kú ní 1969. Ẹgbẹ́ náà kò kú pẹ̀lú rẹ̀, nítorí àwọn ará Èkó fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹ̀mí wọn lọ. Ó tún gba líìgì ní 1992 pàápàá. Ṣùgbọ́n ìjà lórí ẹni tó ni ín gbé e dé kóòtù, àwọn èrò tí ń kún pápá nítorí rẹ̀ kò sì ní ohùn kankan níbẹ̀. Ìfẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí lọ́dọ̀ adájọ́.

Ní ọdún 2025, Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba líìgì 2024/25. Owó ìjọba kọ́ ni. Kunle Soname tó dá Bet9ja sílẹ̀ ló ni ín. Mo kí wọn tọkàntọkàn. Wọ́n ní pápá tiwọn, wọ́n ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ dàgbà, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ló gbé wọn débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Kánádà mi fi ń sọ pé kí a tà. Ṣùgbọ́n kí ni òwò tó ń hù lágbègbè bọ́ọ̀lù wa báyìí? Tẹ́tẹ́ ni. Mi ò sọ pé ilé iṣẹ́ kankan jalè, òfin fàyè gbà wọ́n. Mo kàn ń sọ ohun tí mo ń rí ni. Ẹ wá wo Ganmo nírọ̀lẹ́ Sátidé. Bíríkìlà tó gba owó iṣẹ́ láàárọ̀, ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, gbogbo wọn dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́, ìwé pélébé lọ́wọ́, wọ́n ń ka orúkọ àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Spain bí ẹni ń ka oríkì. Owó ń jáde ní Ganmo lójoojúmọ́ lórúkọ bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù Ganmo kò sì rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Ṣé ẹ wá rántí ìdájọ́ ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024? Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fagi lé òfin lọ́tìrì ọdún 2005. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ kì í ṣe ti ilé aṣòfin àpapọ̀, pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ló wà. A kà á gẹ́gẹ́ bí ìròyìn òṣèlú, a sì gbàgbé. Ìròyìn bọ́ọ̀lù ni jàre! Ó túmọ̀ sí pé àwọn aṣòfin tó jókòó l'Ílọrin lè sọ pé nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún náírà tí wọ́n bá fi ta tẹ́tẹ́ ní Kwara, iye báyìí gbọ́dọ̀ lọ sí pápá àwọn ọmọdé ní Ganmo, ní Òmù-Àrán, ní Èsìẹ́, ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Ká ní tèmi nìkan ni, n bá dín ṣọ́ọ̀bù náà kù. Ṣùgbọ́n bí a kò bá lè dí ihò, kí a gbé garawa sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán lójú mi. Obìnrin kan tó ń ta gàárì nítòsí ilé mi ní ọmọkùnrin kan. Láti ọmọ ọdún 14 ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ àdúgbò. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ẹ máa rò pé ọwọ́ ni. Nígbà tó pé 18, ẹgbẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ, tí kò sì sí ní Kwara, gbà á. Oṣù márùn-ún ni wọn kò fi sanwó. Ìyá tó yẹ kó máa gba owó lọ́wọ́ ọmọ ló ń fi owó gàárì ránṣẹ́ sí i kó lè jẹun. Nígbà tó padà wálé, orúnkún rẹ̀ ti wú. Ọ̀kadà ló ń gùn báyìí lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́.

Mo bi í pé ẹgbẹ́ àdúgbò yẹn, ṣé wọ́n forúkọ ẹ sílẹ̀ níbì kankan? "Rárá o, Bàbá. Wọ́n kàn ní ká máa bọ̀ ni."

Ẹ gbọ́ ìdí tí mo fi bèèrè. Òfin FIFA ni pé bí ẹgbẹ́ kan bá ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè mìíràn, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 títí dé 23. Láti 16 sókè, ọdún kọ̀ọ̀kan tí ọmọ lò lọ́dọ̀ rẹ jẹ́ ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ní òpin oṣù Keje ọdún 2025, Galatasaray ra Victor Osimhen lọ́wọ́ Napoli ní mílíọ̀nù 75 yúrò. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún kan péré lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan jẹ́ 375,000 yúrò, tó ju mílíọ̀nù 600 náírà lọ nígbà náà. Owó yẹn lè kọ́ pápá, kó sì fi ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó forúkọ ọmọ sílẹ̀, tó ní ìwé lọ́wọ́, ló lè gbà á. "Ẹ máa bọ̀" kì í ṣe ìwé. Kwara ní Kwara Football Academy láti ìgbà ìjọba Bùkọ́lá Sàràkí. Bí ìwé ibẹ̀ bá pé, tí wọ́n sì nawọ́ rẹ̀ dé àwọn ìlú kékeré, irúgbìn owó ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹrù lórí ìjọba.

Báwo ni mo ṣe wá fẹ́ kó rí? Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùkọ́ mọ alájẹṣẹ́kù. Lọ́dọọdún a ó jókòó, akápò á ka ìwé owó sókè, ẹni tó bá fẹ́ á bèèrè ọ̀rọ̀, nígbà míì a ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Ẹni tó ní owó kékeré àti ẹni tó ní ńlá, ohùn wọn dọ́gba. Irú ohun tí mo ń wí nìyẹn. Kí ìjọba sọ Kwara United di ilé iṣẹ́ tó ní ìwé, kó mú ìdá kan dání, kó ta ìyókù ní ṣíà kéékèèké tí bíríkìlà Ganmo lè rà, kí òfin sì wà pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ní ju ìwọ̀nba lọ, ì báà jẹ́ gómìnà àtijọ́, ì báà jẹ́ oníléeṣẹ́ tẹ́tẹ́. Kì í ṣe àlá. Hearts of Oak ti Accra ta ṣíà fún gbogbo ènìyàn ní 2011. Ní Jámánì, àfi àwọn ẹgbẹ́ díẹ̀ tí wọ́n yọ̀ǹda fún, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ ní ju ìdajì ìbò lọ.

Mo mọ ibi tó ti máa ta kókó. Ṣíà kéékèèké kò ní sanwó bọ́ọ̀sì láti Ìlọrin lọ Maiduguri lọ bá El-Kanemi. Owó ìjọba á ṣì wà níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan, mo gbà. Ṣùgbọ́n owó tí ìwé ń tẹ̀ lé, tí ẹni tó ni ín lè dìde bèèrè nípa rẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tí a kàn ń gbọ́ pé ó ti jáde.

Mo pe ọmọ Kánádà padà. Mo ní, "Bí ṣíà kan bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, mélòó lo máa rà?" Ó rẹ́rìn-ín. "Prof, ẹ jẹ́ kí n rò ó ná." Ó ṣì ń rò ó.

Lánàá, ọmọ ọlọ́kadà yẹn kọjá níwájú ilé mi, ó wọ jẹ́sì Kwara United. Mo dá a dúró, mo bi í níbi tó ti rà á. Ọjà ni, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà. Mo ní, "Kọ́bọ̀ mélòó ni ẹgbẹ́ rí nínú ẹ̀?" Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo sọ, ó ní, "Bàbá, ó dàárọ̀ o," ó tẹ họ́ọ̀nù, ó lọ.