Ẹ Má Hú Ọ̀pẹ̀ Òyìnbó Yín, Omi Inú Ewé Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Dànù



Ọ̀rọ̀ tòní, ọ̀kan nínú yín ló dá a sílẹ̀. Ìyá kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjà, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí o." Ó ní bí òun bá ti jẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó tán, òun kì í ju orí rẹ̀ nù, ńṣe lòun máa ń gbìn ín. Ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́wàá. Lónìí, wọ́n ti lé ní ogún lẹ́bàá ògiri rẹ̀, àwọn kan nínú ilẹ̀, àwọn kan nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tó ti fọ́ létí. Àbúrò rẹ̀ tún gbé òdòdó méjì wá fún un láti Kútọnu, irú èyí tí ewé rẹ̀ jọ ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, tí àárín rẹ̀ pupa fòò. Ó ní bí òun bá ti ọjà dé, tí òun wo ọgbà náà, ara òun a balẹ̀. Àmọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ti sọ pé kó hú gbogbo rẹ̀ dànù, pé ẹ̀fọn ló ń sìn síbẹ̀. Ó wá bi mí pé, "Ṣé òótọ́ ni?"

Mo ní, "Ìyá, ìyá ọkọ yín jàre díẹ̀, ẹ̀yin náà sì jàre díẹ̀." Ẹ jẹ́ ká jọ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.

Ìdílé ọ̀pẹ̀ òyìnbó

Orúkọ tí àwọn baba wa sọ ọ́ ti pa ìtàn rẹ̀: ewé rẹ̀ jọ imọ̀ ọ̀pẹ, òkè òkun ló sì ti wá. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ní ọdún 1493, Christopher Columbus àti àwọn èèyàn rẹ̀ rí i ní erékùṣù Guadeloupe. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi gbé e káàkiri ayé títí tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn tó mọ̀ nípa igi ń pe ìdílé rẹ̀ ní Bromeliaceae. Oríṣi tó wà nínú ìdílé náà ju 3,000 lọ, Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn sì ti wá, àfi ẹyọ kan ṣoṣo tó ń dá hù lórí àpáta ní orílẹ̀-èdè Guinea, níhìn-ín ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà. Òdòdó pupa tí wọ́n gbé wá láti Kútọnu yẹn, mọ̀lẹ́bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó lòun náà.

Kò sẹ́ni tí yóò sọ pé igi yìí kò wúlò. Ẹ̀yin náà ẹ mọ èyí tí wọ́n ń pè ní Pain de sucre, tó lè pọ́n kí èèpo rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, tí inú rẹ̀ funfun, tó sì dùn bí oyin. Ti agbègbè Allada dára débi pé ní 2021, àjọ tó ń dáàbò bo orúkọ ọjà ní àwọn orílẹ̀-èdè wa, OAPI, fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ọ̀pẹ̀ òyìnbó ibòmíì kó pè é ní ti Allada.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé. Ẹ wo bí ewé rẹ̀ ṣe tò. Ọ̀kan gun orí ọ̀kan, ìdí gbogbo wọn sì rì sí àárín. Bí òjò bá rọ̀, omi a ṣàn gba ojú ewé lọ sí abíyá rẹ̀, á sì dúró síbẹ̀. Ọgbọ́n tí igi náà ń dá nìyẹn, kó lè rí omi mu nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Òdòdó Kútọnu yẹn tilẹ̀ jù ú lọ, àárín rẹ̀ dà bí ife. Ibi tí omi bá sì ti dúró, ẹ̀fọn á wá a kàn.

Ẹ̀fọn kan wà tí kì í dúró de alẹ́

Ẹ̀fọn tó ń fa ibà tí gbogbo wa mọ̀, òru ló ń jẹni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sùn sábẹ́ àwọ̀n. Àmọ́ òmíràn wà tó dúdú, tó ní ilà funfun lẹ́sẹ̀ bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀ alábàáwọ́n. Ọ̀sán ni tiẹ̀, pàápàá ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọmọ ń ṣeré lágbàlá, tí ẹ̀yin náà ń dáná tàbí tí ẹ ń pa ọjà mọ́. Òun ló ń gbé ibà pọ́njú kiri, èyí tí wọ́n ń pè ní fièvre jaune. Òun náà ló ń gbé dengue, ibà tó máa ń fọ́ni léegun. Wọ́n rí dengue ní Benin níbí ní 2019. Ní Burkina Faso lọ́dún 2023, àwọn tí wọ́n fura pé ó mú lé ní 100,000, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló sì kú.

Ẹ̀fọn yìí kò wá odò, kò wá àbàtà. Omi díẹ̀ tó dúró jẹ́ẹ́ ló fẹ́: omi inú àmù, agolo, táyà, èèpo àgbọn. Ọ̀kan nínú àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tilẹ̀ wà tí àwọn onímọ̀ sọ ní Aedes bromeliae. Ara orúkọ ìdílé ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ti yọ orúkọ náà. Abíyá ewé ni ilé rẹ̀: ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ti kókò. Ẹ má fojú kékeré wò ó. Láàrin 1960 sí 1962, ibà pọ́njú jà ní gúúsù Etiópíà, nǹkan bí 30,000 èèyàn ló bá a lọ. Irú ẹ̀fọn inú abíyá ewé yìí wà lára àwọn tó tàn án ká. Kókò àti igi kan tó jọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀, ni wọ́n gbìn yí ilé wọn ká.

Ibi tí ìyá ọkọ ti jàre nìyẹn.

Ibi tí ìyàwó ti jàre

Àwọn olùwádìí lọ sí ọgbà igi ńlá tó wà ní Rio de Janeiro, ní Brazil, níbi tí dengue ti ń yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n fa omi inú ewé àwọn mọ̀lẹ́bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó wà níbẹ̀, wọ́n sì ka tanwíjí inú rẹ̀. Nínú tanwíjí tó lé ní 2,000, èyí tó jẹ́ ti ẹ̀fọn dengue kò pé mẹ́wàá. Àwọn yòókù, oríṣi ẹ̀fọn mìíràn ni.

Kí lèyí kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé bí ẹ bá hú gbogbo ọ̀pẹ̀ òyìnbó yín, tí ẹ fi àmù sílẹ̀ láìdé e, tí táyà ṣì wà lẹ́yìn ilé, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí a gbin igi sí lè léwu ju igi náà lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọgbà yín wà, àmọ́ ẹ fún un ní òfin.

Òfin ọgbà

Àkọ́kọ́, ẹ gbìn ín dáadáa. Bí ẹ bá lọ́ orí rẹ̀ kúrò, ẹ bó àwọn ewé kéékèèké ìdí rẹ̀, kí ẹ gbé e sábẹ́ ìbòòji fún ọjọ́ mélòó kan kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ, kó má baà rà. Ilẹ̀ tó ní yanrìn, tí omi kì í dúró sí, ló dára fún un. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà méjì sáàrin ọ̀kan àti èkejì, kí ẹ lè ráyè wọ àárín wọn tọ́jú wọn. Orí lè tó ọdún méjì kó tó so. Àwọn ọmọ tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkejì, ẹ gbìn ín jìnnà sí fèrèsé yàrá àti ibi tí àwọn ọmọ ń jókòó sí. Ilẹ̀ sàn fún un ju bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ. Bó bá jẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì ni, ẹ lu ìdí rẹ̀. Bí àwo bá wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ kó yanrìn kún un.

Ìkẹta ni ìdí ọ̀rọ̀: ẹ mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ẹ má yẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà tí ẹyin ẹ̀fọn bá ti pa títí tí yóò fi fò, ó lè má ju ọjọ́ méje sí mẹ́wàá lọ. Bí ẹ bá ba ilé rẹ̀ jẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kò ní ráyè hu ìyẹ́. Èyí tó wà nínú ìkòkò, ẹ gbé e, ẹ dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ kí omi rẹ̀ dà. Èyí tó wà nínú ilẹ̀, ẹ da omi lù ú láti òkè, kó rọ́ sínú abíyá ewé, kó gbá tanwíjí jáde. Bí tanwíjí bá ti bọ́ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó parí fún un. Omi tí ẹ fi ṣan ẹ̀fọ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ kò ní láti lọ fa omi kànga tuntun. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ìdí igi ni kí ẹ máa bomi rin, ẹ má bu ú sí àárín ewé. Ẹ má da kẹrosíìnì tàbí oògùn kòkòrò sí i o, ohun tí ẹ máa jẹ ni.

Ìkẹrin, lọ́jọ́ yẹn kan náà, ẹ yí ilé ká. Ẹ da omi àmù nù, kí ẹ fi kànìnkànìn fọ inú rẹ̀ dáadáa, nítorí ẹyin ẹ̀fọn yìí máa ń lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò, ó sì lè wà ní gbígbẹ fún oṣù púpọ̀. Bí omi bá tún kàn án, á pa. Lẹ́yìn náà, ẹ dé àmù. Agolo, igbá fífọ́, táyà, ẹ kó wọn kúrò.

Ààbò tó ju gbogbo rẹ̀ lọ

Ẹ̀yin ìyá, bó ti wù ká dà omi nù tó, ẹ̀fọn kan lè wá láti ilé aládùúgbò. Fún ibà pọ́njú, Ọlọ́run fún wa ní abẹ́rẹ́. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ghana báyìí. Kòkòrò àìsàn tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ náà ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ di aláìlágbára, tí wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ ní 1937. Òun la ṣì ń gún dòní. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún gbogbo ayé ẹni.

Oṣù kẹsàn-án ni ọmọ ń gbà á, pẹ̀lú ti èéyi, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo máa ń rí lórí káàdì ni pé àwọn abẹ́rẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ á pé, ibi ti oṣù kẹsàn-án á wá ṣófo. Ọmọ ti ń rá, ara rẹ̀ le, ìyá wà lóko kajú, ó gbàgbé. Ẹ jọ̀wọ́, lálẹ́ òní, ẹ yọ káàdì, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ fièvre jaune tàbí VAA sí. Bí ẹ kò bá rí ọjọ́ níbẹ̀, ẹ gbé ọmọ wá. Kódà bó ti pé ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ẹ gbé e wá. A ò ní bá yín jà.

Dengue kò ní irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú èyí tí à ń gún fún ọmọ níbí, kò sì ní oògùn tirẹ̀. Omi àti ìsinmi ni, àti àmójútó. Nítorí náà, ọmọ tó bá ń sùn lọ́sàn-án, abẹ́ àwọ̀n ni kó sùn.

Ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ sáré

Kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà tí a mọ̀. Ẹ gbé ọmọ wá ká yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ẹ tó ra oògùn. Ẹ má fún un ní ásípíríìnì tàbí ibuprofen, torí bó bá jẹ́ dengue, wọ́n lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà.

Ibà pọ́njú ní ẹ̀tàn kan. Ara á gbóná, orí àti ẹ̀yìn á máa dunni, èèyàn á máa bì. Ní bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, ara á fúyẹ́. Púpọ̀ ló gbádùn pátápátá nìyẹn. Àmọ́ fún àwọn díẹ̀, kó tó di ọjọ́ kejì ara á tún gbóná, ojú á pọ́n bí àwọ̀ ata ilẹ̀ pupa, ìtọ̀ á ṣókùnkùn, ẹ̀jẹ̀ lè máa yọ ní imú tàbí ní ẹ̀rìgì. Nínú àwọn tó bá dé ibẹ̀, bí ìdajì ló máa ń kú. Bí ẹ bá rí ojú pípọ́n tàbí ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú ibà, ẹ má ṣe àgbo, ẹ má dúró de ọkọ, ẹ má dúró de ọjọ́ ọjà. Zem tó bá kọ́kọ́ kọjá ni kí ẹ gùn wá sí ilé ìwòsàn.

Ìyá tó bi mí ní ìbéèrè ti mú ọjọ́ Àìkú fún ọgbà tirẹ̀. Ó ní ìyá ọkọ òun ló ń da omi, òun á sì máa fọ àmù. Káàdì ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Mo bi í. Ó ní òun á lọ wò ó. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ wo tiyín. Ó dàbọ̀ o.