Inú Rírun Tí Kì í Ṣe Jẹ̀díjẹ̀dí

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo abilékọ kan ní Victoria Garden City, lẹ́bàá Ajah. Bí ó ti jí, inú bẹ̀rẹ̀ sí gún un nísàlẹ̀ ìdodo, lápá ọ̀tún. Ọkọ rẹ̀ ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ìyá ọkọ ti gbé àgbo kaná. Aládùúgbò ní àpẹ́ńdíìsì ni. Kò pẹ́, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú lulẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bi í pé, “Nǹkan oṣù rẹ ńkọ́?”

Ìbéèrè yìí ni oníṣègùn kì í fi ṣeré. Ẹyin obìnrin a máa gba ọ̀nà tóóró kan lọ sí ilé-ọmọ. Bí àtọ̀sí tàbí àrùn mìíràn bá ti ba ọ̀nà náà jẹ́, oyún lè há síbẹ̀. Ilé-ọmọ a máa fẹ̀ bí oyún ti ń dàgbà, ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí kò lè fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí oyún bá tó bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ó lè bẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sínú ikùn níbi tí ojú kò tó. Èyí tí ó jáde síta lè má ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ, obìnrin náà a sì rò pé nǹkan oṣù ni. Nígbà mìíràn, èjìká ni yóò máa dùn ún. Ohun ìyanu ni, àbí?

Kókó inú ilé-ẹyin náà lè lọ́ pọ̀, kí ó mú irú ìrora bẹ́ẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ inú ikùn yìí ni ó ń yára pani jù. Ní ọdún 1883, Robert Lawson Tait ní Birmingham la ikùn obìnrin kan, ó so ọ̀nà tí ó bẹ́, ó gé e, obìnrin náà sì yè. Kí ó tó di ìgbà náà, ikú ni ó sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Lónìí, ìtọ̀ díẹ̀ tó láti fi mọ̀ bóyá oyún wà.

Ẹ̀yin ìyá, bí ọmọbìnrin yín bá ní irú inú rírun yìí, ẹ yọ̀ǹda kí dókítà dá nìkan bá a sọ̀rọ̀. Ìtìjú lè mú kí ó purọ́ lójú yín.

Ẹ má fún aláìsàn ní àgbo tàbí oúnjẹ, nítorí ó ṣeé ṣe kí wọ́n kùn ún lóorun fún iṣẹ́ abẹ. Ẹ mọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ má dúró di ìrọ̀lẹ́. Ẹ pe 112 tàbí 767, kí ẹ sì béèrè ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín jù, tí oníṣẹ́ abẹ àti ẹ̀jẹ̀ wà ní sẹpẹ́.