Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ba ọkàn tiwa jẹ́: ohun tí ìwádìí láti Soweto dé Abẹ́òkúta fi yé wa

South Rand ni wọ́n ń pe ọsibítù ìjọba tó wà ní Rosettenville, ní gúúsù Johannesburg. Ọmọ Nàìjíríà pọ̀ ládùúgbò náà: oníṣòwò, awakọ̀, onídìrí, obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dé iwájú dókítà tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá dùbúlẹ̀, mi ò lè mí dáadáa, àfi kí n jókòó sùn. Ẹsẹ̀ mi náà sì ti wú," ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ wá sọ́kàn dókítà yàtọ̀ sí ohun tí ìwé ìṣègùn tí wọ́n kọ ní ilẹ̀ Yúróòpù máa ń fi ṣáájú. Ìwádìí tó jẹ́ kí èyí hàn kedere kò ti ọ̀nà jíjìn wá. Soweto ni wọ́n ti ṣe é, ní ọsibítù Chris Hani Baragwanath, tó wà lára àwọn tó tóbi jù lágbàáyé.

Dókítà Karen Sliwa àti Simon Stewart, ọmọ Australia, wà lára àwọn tó ṣáájú iṣẹ́ náà. Ní ọdún 2006, wọ́n ṣàkọsílẹ̀ àwọn tó wá gba ìtọ́jú ọkàn ní Baragwanath, wọ́n sì rí 1,593 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ àìsàn wọn. Ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 44 ló jẹ́ pé ọkàn wọn ti rẹ̀, kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bó ṣe yẹ mọ́. Obìnrin ló pọ̀ jù, 59 nínú ọgọ́rùn-ún, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn kò sì ju nǹkan bí ọdún 53 lọ. Àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ 56 nínú ọgọ́rùn-ún. Irú èyí tí a máa ń rí nínú fíìmù, tí ọkùnrin á di àyà mú tí á sì ṣubú torí pé iṣan tó ń bọ́ ọkàn ti dí, 6 péré ló ní in nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n yẹ̀ wò. Láàárín àwọn yòókù, 38 ni.

Ẹran ara ni ọkàn. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá ga fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ tí ọkàn ń ṣe á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ògiri rẹ̀ á sì nípọn bí apá alágbẹ̀dẹ. Nígbà tó bá yá, á rẹ̀ ẹ́, á fẹ̀, á sì dẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí kò rọ́nà lọ á dá omi dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró àti sí ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èémí fi ń ṣòro lórí ìdùbúlẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún, irú rẹ̀ náà ni wọ́n fi ń wo ọkàn. Ìró ló fi ń ya àwòrán, kò sì ní abẹ́rẹ́ tàbí ìrora nínú. Dókítà á fi rí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde ní ìlù kan. Ọkàn tó dá ṣáká máa ń tú ju ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ.

Ẹnìkan lè ní ọ̀rọ̀ Soweto nìyẹn, kò kan ilé wa. Ó kàn án. Láàárín 2007 sí 2010, ọsibítù 12 ní orílẹ̀-èdè 9 ní Áfíríkà kọ àkọsílẹ̀ àwọn 1,006 tí ọkàn wọn ti rẹ̀. Abẹ́òkúta wà lára wọn, níbi tí Dókítà Okechukwu Ogah ti ṣiṣẹ́ náà. Ọdún 52 ni ọjọ́ orí wọn já sí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa nǹkan bí 45 nínú ọgọ́rùn-ún, iṣan dídí kò sì tó 8. Ó dùn mí láti kọ ọ́: nǹkan bí 18 nínú ọgọ́rùn-ún kú kí oṣù mẹ́fà tó pé. Àwọn tó yẹ kó ṣì máa rán ọmọ níléèwé ni wọ́n.

Oògùn wo ló wá bá ara wa mu? Dókítà Dike Ojji ti Yunifásítì Abuja àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí ìyẹn lára àwọn 728 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní orílẹ̀-èdè 6, tó fi mọ́ Nàìjíríà àti South Africa. Ní 2019 ni wọ́n gbé e jáde. Oògùn méjìméjì ni wọ́n fún wọn, lọ́nà mẹ́ta. Àwọn tí amlodipine wà nínú oògùn wọn, ìfúnpá wọn wálẹ̀ ju ti àwọn tí kò ní amlodipine lọ. Oògùn tó wọ́pọ̀ ni, kì í ṣe ti olówó.

Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ là ń lò ó, ẹni tó bá sì já a kò ní mọ̀ ọ́n lára lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èyí ló mú kí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àwọn kílíníìkì Johannesburg kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Operation Dudula, tí kò fẹ́ àjèjì nílùú, ń dúró síbẹ̀, wọ́n ń bèèrè káàdì ìdánimọ̀, wọ́n sì ń dá àjèjì padà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá 2025, ilé ẹjọ́ gíga ìlú náà pàṣẹ pé kí wọ́n ṣíwọ́. Abala 27 nínú òfin orílẹ̀-èdè South Africa sọ pé gbogbo èèyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú, kò ní ọmọ onílùú nìkan. Ẹni tí wọ́n lé padà lónìí lè tún padà wá lọ́dún mẹ́ta sí i, lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń tì.

Èyí tó gba àkíyèsí jù, lójú tèmi, ni ti àwọn ìyá. Àìsàn kan wà tó máa ń mú ọkàn obìnrin tí kò ṣàìsàn ọkàn rí, láti ìparí oyún títí di bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ. Ẹsẹ̀ á wú, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, ikọ́ kò ní jẹ́ kó sùn. Àwọn àgbà á ní àárẹ̀ ìkúnlẹ̀ ni, kó fara dà á. Ní 2007, Denise Hilfiker-Kleiner àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Hannover, ní Jámánì, rí i pé èròjà ara tó ń mú ọmú yọ wàrà lè gé sí wẹ́wẹ́, tí ègé rẹ̀ á sì máa ba àwọn iṣan wẹ́wẹ́ inú ọkàn jẹ́. Oògùn kan wà tó ń dá èròjà náà dúró, bromocriptine. Sliwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò ní South Africa lára obìnrin 20. Gbogbo wọn gba oògùn ọkàn, àwọn mẹ́wàá gba bromocriptine kún un. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, mẹ́rin ti kú nínú àwọn tí kò gbà á, ẹnìkan ṣoṣo ló kú nínú àwọn tó gbà á. Ọdún 2010 ni àbájáde yìí jáde.

Ogún èèyàn kéré, àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oògùn náà sì ń gbẹ wàrà, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ló lówó wàrà àgòlò àti omi tó mọ́. Dókítà ló gbọ́dọ̀ wọn ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ìyá ọmọ. Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ni pé kí wọ́n tètè fi ẹ̀rọ wo ọkàn rẹ̀. Bí ọkàn náà kò bá tíì bọ̀ sípò, ewu ńlá ni oyún míì jẹ́. Kí tọkọtaya bèèrè ọ̀rọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó kúrò ní ọsibítù.